Ohun Tí Mò Ń Kọ Sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ lábẹ́ bíríìjì Sàngó tó ní Ìdí-Ìrókò lòún ń lọ, kò sẹ́ni tí yóò kà á sí ẹni tó ń rìnrìn àjò lọ sílẹ̀ òkèèrè. Kò sí ẹbí tó ń juwọ́ sí i, kò sí àpótí ńlá. Ọkọ̀ á wọ inú Ọ̀tà lọ, á kọjá Ìyànà Ìyẹsí, á kọjá Canaanland tí Yunifásítì Covenant wà láti ọdún 2002, ó di Àtàn, ó di Òwódé, ó di Àjílété, ó di ẹnubodè. Igólò ló wà ní òdìkejì. Níbẹ̀ ni pátákó ojú títì ti di Faransé, tí náírà ti di sẹ́fà. Obìnrin tó ń ta ẹ̀pà níbẹ̀ kò yí ohùn padà ní tirẹ̀. Yorùbá tí wọ́n fi ń polówó ní Òwódé náà ló fi ń polówó.

Bí mo ṣe dé Àjàṣẹ́ nìyẹn, ìlú tí máàpù ń pè ní Porto-Novo, olú-ìlú Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Faransé ni mo wá kọ́. Nǹkan kéékèèké tí mò ń rí ni mò ń kọ sílẹ̀, bí wọ́n bá ṣe wá sí mi lọ́kàn.

*

Tíṣà wa sọ fún wa pé ìlú ni yóò kọ́ wa lédè ju kíláàsì lọ. Bó bá jẹ́ Lyon ni, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Fún ọmọ Ọ̀tà tó wà ní Àjàṣẹ́, ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Yorùbá ni mo fi ń ra àkàrà láàárọ̀. Yorùbá ni mo fi bá télọ̀ àdúgbò wa ná owó aṣọ. Ẹni tí kò bá gbọ́ Yorùbá, Ègùn ló máa sọ. Ilé ìwé, báńkì, ọ́fíìsì ìjọba àti rédíò ni Faransé ń gbé. Èèyàn lè lo ọdún kan gbáko níbí, kó jẹ, kó mu, kó ṣàìsàn, kó gbádùn, kó bá aládùúgbò jà, kí wọ́n sì parí ìjà náà fún un, kó má sọ gbólóhùn Faransé kan tó délẹ̀. Mo mọ àwọn tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. “Bonjour” nìkan ni wọ́n mú padà sí Sàngó.

Ìdí nìyẹn tí èmi àti ìyá onílé wa fi bára wa ṣàdéhùn pé bí ilẹ̀ bá ti ṣú, Faransé nìkan la ó máa sọ títí tí kálukú á fi wọlé lọ sùn. Ọmọ Sákété ni Màmá, wọ́n sì fọwọ́ pàtàkì mú àdéhùn náà ju bí mo ṣe rò lọ. Wọ́n á jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á bi mí ní ohun tí mo jẹ, iye tí mo rà á, ẹni tó tà á, àti ìdí tí mi ò fi rà á lọ́dọ̀ ẹlòmíì. Bí mo bá ti fẹ́ yà sínú Yorùbá, wọ́n á gbọ́wọ́ sókè: “Non, non, ọmọ mi. En français.”

Ibi tí àwọn fúnra wọn ti ń yà ni mo ń ṣọ́. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ni, tàbí ilé ìwé ọmọ, tàbí owó orí, Faransé wọn á máa já geere. Bó bá kan òkú, oyún tàbí gbèsè, Yorùbá ni wọ́n á ti bọ́ sí kí wọ́n tó mọ̀, ó parí fún alẹ́ ọjọ́ náà nìyẹn. Mi ò rán wọn létí rí. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀kọ́ tèmi lọ.

*

Búrẹ́dì. Èyí tó gùn tóóró, tí ara rẹ̀ le, ni wọ́n ń jẹ níbí. Wọ́n á là á láàárín, wọ́n á fi ẹyin tàbí ẹ̀wà sí i. Mo ti fẹ́ràn rẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá ń ti Sàngó bọ̀, búrẹ́dì Àgége ni mo kọ́kọ́ ń bi í.

*

Iye ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú nínú Faransé, pàápàá tó bá ti kọjá ọgọ́ta. Bí wọ́n ṣe ń kà á níbí, 70 jẹ́ ọgọ́ta àti mẹ́wàá, 80 jẹ́ ogún mẹ́rin, 90 jẹ́ ogún mẹ́rin àti mẹ́wàá. Àwọn kan nínú kíláàsì wa máa ń bínú sí i, wọ́n ní ta ló ń ka iye báyẹn.

Àwa náà ni! Ogún mẹ́rin ló di ọgọ́rin, ogún márùn-ún ló di ọgọ́rùn-ún. Àwọn baba wa ti ń fi ogún kà kí ọkọ̀ òyìnbó tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ibi tí ọ̀nà wa ti yà ni pé Faransé máa ń fi kún un, Yorùbá máa ń yọ kúrò nínú èyí tó wà níwájú. Ẹ̀wá tó dín nínú ọgọ́rin ló fún wa ní àádọ́rin, ẹ̀wá tó dín nínú ọgọ́rùn-ún ló fún wa ní àádọ́rùn-ún.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ìmọ̀ yìí kò ran ọ̀pọ̀ nínú wa lọ́wọ́. Àwa tí a dàgbà sí Sàngó, Gẹ̀ẹ́sì la fi ń ka owó, kódà bí gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù bá jẹ́ Yorùbá. Ẹni tí kò lè kà dé àádọ́rùn-ún lédè ìyá rẹ̀ ló wá ń há quatre-vingt-dix sórí bí ohun tí kò rí irú rẹ̀ rí. Ìyá kan wà tó ń ta ata ní ọjà Ouando. Á ka owó ata sábẹ́ ètè ní Yorùbá, á dárúkọ àpapọ̀ rẹ̀ fún oníbàárà ní Faransé, kò sì sí ìgbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù mi tí iye rẹ̀ kò pé.

*

Lọ́jà Ouando yìí náà, mo yí páálí bisikíìtì kan padà láti ka ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. “Ota, Ogun State, Nigeria.” Mo dúró síbẹ̀ títí onísọ́ọ̀bù fi bi mí bóyá mo fẹ́ rà á ni tàbí n kò fẹ́ rà á.

Mo mọ àárọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ Ọ̀tà dáadáa. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń tò sẹ́nu géètì, tí wọ́n ń retí pé kí ẹnì kan jáde wá nawọ́ sí wọn pé “ìwọ, ìwọ, ìwọ,” fún iṣẹ́ ojúmọ́ kan. Ilé iṣẹ́ irin ni bàbá mi ń bá ṣiṣẹ́, ṣíìfù òru. Bí wọ́n bá dé láàárọ̀, ooru iná ìléru ṣì máa ń wà lára aṣọ wọn. Irin, ike, ọ̀dà, bisikíìtì, ohun mímu, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní agbègbè yẹn, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń gba ẹnubodè kọjá lọ sí Àjàṣẹ́, Kútọnu àti Lọ́mé. Ọjà ń kọjá. Èdè tí wọ́n fi ń tà á níbẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é.

Kì í ṣe pé ìjọba kò mọ̀. Ọdún 1996 ni ìjọba ológun ìgbà yẹn ti kéde pé Faransé yóò di èdè kejì tí Nàìjíríà ń fi ṣiṣẹ́. Láti 1991 ni abúlé Faransé ti wà ní Àjárá, ní Àgbádárìgì, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti ń lọ gbé inú èdè náà dípò kí wọ́n wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Páríìsì. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn, mo sì dúpẹ́ pé ó wà. Ṣùgbọ́n ní ilé ìwé girama tí èmi lọ, kò sí olùkọ́ Faransé kankan, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ Ìdí-Ìrókò ń kọjá lẹ́yìn ògiri wa lójoojúmọ́. Bí ibì kan bá wà ní Nàìjíríà tí ọmọ ilé ìwé ti gbọ́dọ̀ gbọ́ Faransé, Ọ̀tà wà lára rẹ̀.

*

Náírà ni wọ́n fi ń sanwó fún bàbá mi, sẹ́fà ni mo fi ń sanwó ilé. Wọ́n ti so sẹ́fà mọ́ owó Yúróòpù: 655.957 sẹ́fà ni owó yúrò kan, kì í lọ sókè, kì í wá sílẹ̀. Náírà kò ní okùn tó so ó mọ́ ibì kan. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ kó máa wá iye rẹ̀ fúnra rẹ̀, iye ṣíìfù tí ó ń san owó ilé mi oṣù kan ti pọ̀ sí i. Bàbá mi kò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ìyá mi ló ń sọ fún mi pé wọ́n tún ti gba òru ọjọ́ Àìkú mọ́ tiwọn.

*

Epo tó wà nínú ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kpayo, Nàìjíríà ni wọ́n ti ń gbé e wá. Nígbà tí ìjọba wa yọ owó ìrànwọ́ epo ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, kò pẹ́ tí owó ìgò yẹn fi gbéra níbí náà, tí owó zémidjan, ọ̀kadà wọn, sì tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ní Àbújá dé etí ẹni tó ń gun alùpùpù ní Àjàṣẹ́, láì sí ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ fún un.

*

Wọ́n ní kí kálukú sọ̀rọ̀ nípa ìlú rẹ̀ ní kíláàsì, ní Faransé, láìwo ìwé. Mo mú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Ọ̀tà. Mo ṣàpèjúwe igi tí wọ́n gbẹ́ sórí, gèlè, ìlù, ìjó tí wọ́n fi ń yẹ́ àwọn ìyá wa sí. Ọ̀rọ̀ Faransé tó yẹ fún “ìyá wa” lọ́nà tí à ń gbà sọ ọ́ yẹn kò wá, ni mo bá fi Yorùbá sọ ọ́. Ọmọkùnrin kan láti Kétu, tó jókòó lẹ́yìn, gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi, ó sì ń bá a lọ. Ó mọ Èfẹ̀ alẹ́, ó mọ ìjó ọ̀sán. Tíṣà, ọmọ Fọ̀n, jókòó, ó ń wo àwa méjèèjì.

Ọdún 2001 ni UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ogún àgbáyé. Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò ló jọ ni ín. Inú mi dùn sí pé wọ́n kọ orílẹ̀-èdè mẹ́ta síbẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó lè pín in.

Ilẹ̀ ni wọ́n pín. Oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí àdéhùn ààlà. Kétu, Sábẹ̀ àti Sákété bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tó jẹ́ ara ilẹ̀ Alákétu, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Aṣíwájú, ọmọ Ìmẹ̀kọ, kọ ìwé ńlá jáde lórí rẹ̀ ní 1976: bí ara kan náà ṣe gbé lábẹ́ òfin méjì láti 1889 sí 1945. Ó yẹ kí ìwé yẹn wà ní gbogbo ilé ìkàwé tó wà láti Sàngó dé Ìdí-Ìrókò.

*

Àwọn tó ṣáájú mi níbí ṣì ń sọ̀rọ̀ nípa ìgbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè. Oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni. Nígbà tó di oṣù kejìlá ọdún 2020, wọ́n ṣí ẹnubodè Sèmè. Ìdí-Ìrókò kò ṣí títí di oṣù kẹrin ọdún 2022. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀ láti Ọ̀tà gbọ́dọ̀ padà sẹ́yìn lọ sí Èkó, kó gba Àgbádárìgì, kó tó dé ibi tó jẹ́ pé ọ̀nà tààrà ló wà tẹ́lẹ̀. Àwọn oníṣòwò kan ní Òwódé kó ọjà wọn wọlé, wọn ò sì kó o jáde mọ́.

Ní báyìí tó ti ṣí, iye ibi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà yẹn ló ń tánni ní sùúrù. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ṣe ní 1979 fún ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan láyè láti wọ ilẹ̀ ara wọn fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà. Ìyá kan tó jókòó tì mí mú ìwé rẹ̀ jáde, ó pé pérépéré, síbẹ̀ ọkùnrin tó gbà á yẹ̀ wò kò dá a padà títí ìyá náà fi tú etí ìró rẹ̀. Gbogbo wa ni a dákẹ́ nínú ọkọ̀. Inú mi kò dùn sí ìdákẹ́ yẹn títí di òní.

*

Ìkíni wọn kò ṣòro fún ọmọ Yorùbá. Bí o bá dé, wọ́n á kí ọ kú àbọ̀ ní Faransé. Bí o bá ń ṣiṣẹ́, wọ́n á kí ọ kú iṣẹ́. Bí o bá fẹsẹ̀ kọ, wọ́n á ní pẹ̀lẹ́. Mo gbọ́ pé ará Páríìsì kì í ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó dára ni Bẹ̀nẹ̀ fi kún èdè náà.

*

Ní ìparí ọdún 2023, akọ̀ròyìn kan jáde nínú ìwé ìròyìn Daily Nigerian pé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lòun gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì ní Bẹ̀nẹ̀. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ dá àyẹ̀wò àti ìfọwọ́sí ìwé ẹ̀rí láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò dúró.

Iṣẹ́ rere ni akọ̀ròyìn yẹn ṣe. Ẹni tó ń ta ìwé ẹ̀rí bí ẹni ń ta ẹ̀kọ yẹ kó fojú winá òfin. Àwọn tí mò ń rò ni àwọn tí mo rí níbí, tó jókòó ọdún mẹ́rin, tó fi Faransé tí wọn kò bí wọn mọ́ kọ ìdánwò, tó ń jẹ garí gbígbẹ nígbà tí owó kò bá tètè dé. Nísinsìnyí, bí ẹni bẹ́ẹ̀ bá délé ní Sàngó, ohun tí wọ́n ń bi í ni bóyá ìwé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni tiẹ̀ náà. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bi ọ̀kan. Ó kọ́kọ́ fẹ́ ṣàlàyé, ó wá jáwọ́. Mo rò pé ó yẹ kí a lè mú olè láìka gbogbo ará ọjà sí olè.

*

Ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2024, Bẹ̀nẹ̀ na Nàìjíríà ní 2 sí 1 ní Abidjan, nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ fún ife àgbáyé. Gernot Rohr, tó ti jẹ́ kóòṣì wa rí, ló jẹ́ kóòṣì wọn. Àárín àgbàlá ni wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n sí. Èmi nìkan ni ọmọ Nàìjíríà níbẹ̀, wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún mi títí wọ́n fi jẹ góòlù kejì. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ọ̀wọ̀ mọ́. Awakọ̀ kan tó ń gbé yàrá òdìkejì sọ pé Nàìjíríà kò mọ bọ́ọ̀lù gbá láti ọjọ́ tó ti wà. Mo dìde sí i. Mo ka orúkọ: Òkóchà, Kanu, Yekini, ọdún 1994, wúrà Òlíḿpíìkì ọdún 1996. Ó dá mi lóhùn, mo dá a lóhùn. Ìgbà tí mo dé yàrá ni mo tó mọ̀ pé Faransé ni gbogbo rẹ̀, àti pé n kò kọ́kọ́ rò ó ní Yorùbá. Àríyànjiyàn náà ń lọ títí di báyìí. Bí awakọ̀ náà bá ti rí mi láàárọ̀, ìka méjì ló ń nà sí mi.

*

Mọ́ṣáláṣí ńlá Àjàṣẹ́ jọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn Àgùdà, ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì tí wọ́n padà wálé, ni iṣẹ́ wọn hàn lára rẹ̀, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní Bahia ni wọ́n ṣe kọ́ ọ, ìrun ni wọ́n sì kọ́ ọ fún.

*

Ọmọbìnrin Màmá ń múra fún BAC, ìdánwò àṣejáde ilé ìwé girama. Bí ọmọ bá dé àárín ilé ìwé girama níbí, á yan èdè Sípéènì tàbí Jámánì lé Gẹ̀ẹ́sì lórí. Sípéènì ni ó mú. Mo bi í léèrè pé ibo ló fẹ́ fi í lọ. Ó ní ibi tó sún mọ́ wa jù ni Malabo, ní Guinea Equatorial, ní erékùṣù tó wà nísàlẹ̀ Kàlàbá, tó gba òmìnira lọ́wọ́ Sípéènì ní 1968. Mo ti gbọ́ nípa erékùṣù yẹn gẹ́gẹ́ bí ibi tí àwọn ará ìlà oòrùn Nàìjíríà ti lọ ṣiṣẹ́ oko kòkó láyé Gẹ̀ẹ́sì. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ wà nínú báàgì ọmọ ilé ìwé ní àgbàlá wa.

Ibòmíì tí wọ́n ti ń sọ Sípéènì, Kúbà, ló wá gba alẹ́ wa. Mo sọ fún un nípa Lydia Cabrera, obìnrin Kúbà tó jókòó ti àwọn àgbà tó ń sọ Yorùbá tí àwọn ẹrú gbé dé ọ̀dọ̀ wọn, tó sì tẹ ìwé ọ̀rọ̀ wọn jáde ní Havana ní 1957. Anagó ni ó sọ ìwé náà. Màmá gbọ́ orúkọ yẹn láti ibi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà, wọ́n dáwọ́ dúró. Ànàgó ni wọ́n. Ànàgó Ìpókíá kò jìnnà sí ọ̀nà tí ọkọ̀ Sàngó ń gbà wá. Ọdún 1886 ni oko ẹrú tó dópin ní Kúbà, bẹ́ẹ̀ ní ohun tó lé ní àádọ́rin ọdún lẹ́yìn rẹ̀, omi ṣì ń jẹ́ omi níbẹ̀, ilé ń jẹ́ ilé, owó ń jẹ́ owó. Ọmọ náà gbé fóònù, ó wá díẹ̀ jáde nínú ọ̀rọ̀ àwọn Lukumí, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn Yorùbá ní Kúbà. Òun ń ka Sípéènì rẹ̀ sókè, èmi ń ṣe àmì ohùn sórí Yorùbá rẹ̀, Màmá ń ṣèdájọ́ láàárín wa: “Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń pè é nílé wa.” Wọ́n tún èyí tí mo sọ ṣe, wọ́n tún ti ará Kúbà ṣe.

Láti ìgbà náà, ọmọ yìí ní Sípéènì lòun máa kà ní Yunifásítì Abomey-Calavi. Màmá fẹ́ kó kọ́ iṣẹ́ ìṣirò owó. Mo ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kó lọ, mo sì máa tún bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí èsì BAC jáde ná.